CBT yìí (ìtọ́jú ọkàn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe, tó ń yẹ èrò àti ìṣe èèyàn wò), ṣé ó dáa tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́2

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á fún mi, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ó ti lé ní oṣù mẹ́sàn-án tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti ń bá mi fínra, nígbà tí mi ò rí oorun sùn mọ́ ni mo lọ rí dókítà, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan tó ní ìbéèrè 9, kí n mú nọ́ńbà láti òdo dé 3 fún ìkọ̀ọ̀kan, nígbà tó ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ ó jẹ́ 17, ó ní ìyẹn ti le díẹ̀. Ó wá ní kí n lọ ṣe CBT, ìjókòó 12, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mo ti ṣe 5 báyìí.

Obìnrin tó ń tọ́jú mi, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, mi ò ní ẹjọ́ ẹ̀ rò. Ó fún mi ní ìwé kan tí wọ́n fàlà sí, apá kan kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, apá kan kí n kọ èrò tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, apá kan kí n kọ bó ṣe dùn mí tó nínú 100, lẹ́yìn ìyẹn kí n kọ ẹ̀rí tó fi hàn pé òótọ́ ni èrò náà, kí n tún kọ èyí tó fi hàn pé kì í ṣòótọ́. Kí n tó kọ ọ́ tán ni ó ti máa ń rẹ̀ mí.

Ibi tó ti ń dùn mí gan-an nìyí. Ọkọ mi ń ṣàìsàn, àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, èmi nìkan ni mò ń gbé e dìde tí mò ń gbé e jókòó, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí ẹ̀, àwọn tí a jọ ń ṣeré ń tàkúrọ̀sọ tẹ́lẹ̀ ò gbé fóònù mi mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kọ ọ́ sínú ìwé yẹn pé "kò sẹ́ni tó máa ràn mí lọ́wọ́", obìnrin yìí wá ní kí n wá ẹ̀rí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo wo ìwé náà. Mo wò ó títí. Gbogbo apá ọ̀tún ìwé yẹn funfun báláú, mi ò rí nǹkan kan kọ síbẹ̀, ni mo bá bú sẹ́kún, òun náà ò sì mọ ohun tó máa sọ.

Ìbéèrè mi ni pé kí ni nǹkan yìí lè ṣe, kí ni ò lè ṣe? Ṣé kí n parí ìjókòó 7 tó kù àbí kí n wá nǹkan mìíràn? Ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n máa ronú dáadáa o, wọ́n ti sọ ìyẹn fún mi títí ó ti sú mi.

Akínkanjú_D

Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn, kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, torí èmi ò lè bú CBT láé. Ìpayà ló ń ṣe mí, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní pánìkì. Mo lè jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ mi báyìí, lójijì àyà mi á máa lù kìkì, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, mi ò ní rí èémí mí dáadáa, ọkàn mi á kàn sọ fún mi pé ó ti dé nìyẹn, mò ń kú lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé mi dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà tí wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe ọkàn mi. Ó wá débi pé mi ò lè wọ ẹlifétọ̀ mọ́, mi ò lè jókòó sáàárín bọ́ọ̀sì, mi ò lè jáde láì mú ìgò omi dání, àfi bíi pé ìgò omi yẹn ló ń gbà mí lọ́wọ́ ikú.

Tẹ́rápísìtì mi ya òbìrìkítí kan sórí ìwé: àyà lù, èmi ní "mò ń kú", ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù yẹn mú kí àyà lù sí i, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní David Clark, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, ló ṣàlàyé ẹ̀ báyẹn ní 1986. Mo ní ó dáa, ó yé mi, àmọ́ yíyé yẹn ò tú mi sílẹ̀ rárá o. Ohun tó tú mi sílẹ̀ ni ọjọ́ tó ní kí a máa sáré gun àtẹ̀gùn. Ó kọ́kọ́ bi mí pé, nínú 100, báwo ló ṣe dá mi lójú tó pé tí àyà mi bá lù gan-an màá dá kú, mo ní 90. A sáré gùn ún lọ, a sáré sọ̀ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin, òun náà ń bá mi sáré, lẹ́yìn ìyẹn ó ní kí n jókòó kí n máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Gbogbo nǹkan tí mò ń sá fún látọjọ́ yìí ló dé lẹ́ẹ̀kan náà, àyà ń lù, ojú ń ṣú, ọwọ́ ń gbọ̀n. Mo dúró. Ó dúró tì mí. Mi ò dá kú. Ó ní nǹkan tó ń mú èèyàn dá kú ni kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, ìpayà sì rèé, ńṣe ló máa ń gbé e sókè. Ó tún bi mí, mo ní 40. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo fi ìgò omi sílé.

Ọ̀sẹ̀ 11 ni gbogbo ẹ̀ gbà mí. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí, ìpayà yẹn ṣì máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ tó bá dé mo mọ orúkọ ẹ̀, mo mọ ohun tí màá ṣe, mi ò nílò kí n pe ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀ nìyẹn, wọ́n kọ́ mi ní iṣẹ́ náà wọ́n sì fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, tèmi ẹ̀rù lásán ni, tiyín nǹkan gidi ló ń ṣẹlẹ̀ sí yín. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n jọra.

OlùtọjúỌkàn

Àbẹ̀kẹ́2, ẹ kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe, ó ti lé lọ́dún 10, CBT ni mò ń lò jù, mi ò sì ní tìtorí ìyẹn fi ibi tó kù sí pamọ́ fún yín.

Ohun tí Akínkanjú sọ yẹn jinlẹ̀ o, pé tiẹ̀ àti tiyín lè má jọra. CBT kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Fún ẹ̀rù, ìpayà, àìlèjókòó láàárín èrò, ohun tí agbára ẹ̀ wà nínú ẹ̀ ni kéèyàn lọ kojú nǹkan tó ń sá fún kó sì fojú ara ẹ̀ rí i pé ohun tó ń bẹ̀rù yẹn ò ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe bẹbẹ jù. Ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn yàtọ̀ díẹ̀.

Aaron Beck tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, oníṣègùn ọpọlọ ni ní Yunifásítì Pennsylvania, ọ̀nà ti Freud, èyí tó ń wá ohun tó fara sin sínú ọkàn èèyàn, ló kọ́kọ́ kọ́. Láàárín àwọn ọdún 1960 ló ṣàkíyèsí pé àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá, èrò kan máa ń ré kọjá lọ́kàn wọn fìrí, "mi ò wúlò", "kò lè dáa mọ́", àwọn fúnra wọn ò tilẹ̀ kà á sí èrò, wọ́n kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Ó wá ní ká mú un jáde ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ dákun ẹ fi èyí sọ́kàn: yíyẹ̀wò ni Beck ní ká ṣe, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé irọ́ lèrò ẹ̀. Tí a bá yẹ̀ ẹ́ wò tán tó jẹ́ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni, iṣẹ́ yí padà nìyẹn, a ò gbọdọ̀ máa bá òótọ́ jà mọ́, ohun tó kù ni kí a jókòó ti ìṣòro yẹn fúnra ẹ̀, kí la lè ṣe sí i, ta la lè pè, èwo ni ò ṣeé yí padà tí a máa kàn bá yín sunkún lórí ẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú yín dúró lórí ìwé nígbà tó yẹ kó fi ìwé sílẹ̀. Àṣìṣe tí gbogbo wa ti ṣe rí ni, èmi náà ti ṣe é, mo sì rántí ojú ẹni tí mo ṣe é fún dòní.

Ní ti pé ṣé ó dáa tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀. Ní 1977 wọ́n gbé e kojú imipramine, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan, àwọn tó ṣe tẹ́rápì gbádùn ju àwọn tó lo oògùn lọ nínú ìwádìí yẹn, àwọn ìwádìí tó wá lẹ́yìn ní wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dọ́gba. Ohun tí mo kà sí jù ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá parí: ẹni tó ṣe CBT tó gbádùn kì í tètè ṣubú padà bíi ti ẹni tó kàn dá oògùn dúró. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré lójú mi. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìwádìí àkọ́kọ́, ńṣe ni wọ́n fi wé àwọn tó wà lórí ìlà tí wọ́n ń retí ìtọ́jú, ẹni tí wọ́n ṣe nǹkan fún á kúkú sàn ju ẹni tí wọ́n ní kó ṣì dúró. Tí wọ́n bá fi wé tẹ́rápì gidi mìíràn, ìyàtọ̀ yẹn á rán, ní ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn pàápàá. Johnsen àti Friborg ní Norway tiẹ̀ ko ìwádìí jọ ní 2015, wọ́n ní agbára ẹ̀ lórí ìrẹ̀wẹ̀sì ń dín kù bọ̀ láti ọdún 1977, àwọn mìíràn ta kò wọ́n, wọ́n ṣì ń fà á. Àwọn tó ń fi í sílẹ̀ láàárín méjì náà ò kéré, torí iṣẹ́ ni, iṣẹ́ àṣetiléwá ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì sì ti fọ́ egungun ẹ̀, níbo ló ti fẹ́ rí agbára kọ̀wé lójoojúmọ́.

Èyí ló mú mi fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín. Ní 1996 Neil Jacobson àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tú CBT palẹ̀ bí ẹni tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní kí àwọn kan ṣe apá ìṣe nìkan, kí wọ́n kàn máa padà sídìí nǹkan tí wọ́n ti pa tì, díẹ̀díẹ̀, láì yẹ èrò kankan wò. Àwọn yẹn náà gbádùn bíi ti àwọn tó ṣe odindi ẹ̀. Ní 2016 wọ́n tún dán an wò ní England pẹ̀lú èèyàn 440, àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ògbóǹkangí ni wọ́n kọ́ láti ṣe apá ìṣe yẹn, kò kéré sí CBT tí àwọn tẹ́rápísìtì gidi ṣe, ó sì náni lówó kéré sí i. Nítorí náà tí ìwé yẹn bá ń pa yín lára, kò túmọ̀ sí pé gbogbo ìtọ́jú ti bàjẹ́, ẹ sọ fún un pé kí ẹ gbé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kẹsàn-án inú fọ́ọ̀mù yẹn, èyí tó ń béèrè bóyá ẹ ti rò ó pé ó sàn kí ẹ kú. Mi ò ní kí ẹ sọ ohun tí ẹ mú níbí. Tó bá ti kúrò ní òdo, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ kíá, ẹ má dúró de ọjọ́ ìjókòó. Ẹ tún lè bi í nípa oògùn, èèyàn lè lo méjèèjì pọ̀.

Máyọ̀wá_R

Kí n fi tèmi kún un, torí ó kan ọ̀rọ̀ wíwá ẹ̀rí yẹn. OCD ló ń ṣe èmi, àìsàn tí èrò kan ò ní fi èèyàn sílẹ̀, tí á máa ṣe nǹkan kan náà léraléra nítorí ẹ̀. Tí mo bá wakọ̀ tí táyà kọ lu gegele lásán, ọkàn mi á ní èèyàn ni mo gbá, màá padà lọ wò ó, màá tún padà, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Tẹ́rápísìtì àkọ́kọ́ tí mo rí ní kí n kọ ẹ̀rí sílẹ̀ pé mi ò gbá ẹnikẹ́ni. Ó ń tù mí lára fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Lẹ́yìn ìyẹn màá tún kọ ọ́, màá tún kà á, ó wá di pé ìwé ẹ̀rí yẹn gan-an ni mò ń fi ṣe ohun tí mò ń fi pípadà lọ wò ó ṣe tẹ́lẹ̀. Mo lo oṣù mẹ́rin lórí ẹ̀, ńṣe ló ń le sí i.

Ẹnì kejì tí mo lọ bá, CBT lòun náà ń ṣe, ṣùgbọ́n kò bá mi jiyàn rárá. Ó ní kí n wakọ̀ gba ọ̀nà tó rí gbágungbàgun yẹn lẹ́ẹ̀kan, mi ò gbọdọ̀ padà, mi ò gbọdọ̀ wo dígí ẹ̀yìn, mi ò gbọdọ̀ bi ìyàwó mi bóyá ó gbọ́ nǹkan. Mo páàkì síwájú, mo jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú bírò, mò ń kọ bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí tó nínú 100 ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. 85. 85. 90. 80. Òógùn bò mí. Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú 50 ó ti di 35, mi ò sì tíì padà lọ wo nǹkan kan. Ọ̀nà yẹn ti wà látìgbà tí Victor Meyer ti dán an wò ní London ní 1966, ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí ò kàn kọ́ ọ ni. Nítorí náà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun ń ṣe CBT, ẹ bi í pé èwo, kí lẹ máa ní kí n ṣe fún irú èyí tó ń ṣe mí.

Fọlákẹ́mi_k

Gbogbo yín ń sọ ọ́ bíi pé tó bá ti jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe é, ó máa dáa náà ni. Kò dáa fún mi o. Ohun tí wọ́n fi ojú mi rí láti kékeré, láti ọdún 6 dé 13, nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, mi ò ní sọ ọ́ níbí. Nígbà tí mo máa fi dé ọ̀dọ̀ wọn, ìjókòó 6 ni wọ́n fún mi, ìwé sí ìwé, ìjókòó kejì ni wọ́n ti ń kọ́ mi pé èrò mi kan ń jẹ́ "gbogbo tàbí òfo", òmíràn ń jẹ́ "wíwo ọkàn ẹlòmíràn". Mo ní mi ò lè fọkàn tán èèyàn. Wọ́n ní ẹ̀rí wo ni mo ní. Ẹ̀rí kẹ̀? Ọdún méje! Mo kúrò níbẹ̀ tí mo rò pé èmi ni mo burú, pé orí mi ni ò pé tó láti ronú bí ó ṣe yẹ, àfi bíi pé ẹ̀bi gbogbo ẹ̀ ti tún padà sọ́rùn mi.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni obìnrin kan tó jókòó tì mí fún ọdún méjì tó ń gbọ́ mi. Kò kánjú. Nígbà tí mo bínú sí i tí mi ò wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí mo padà dé, ó ṣì wà níbẹ̀. Ìwé wo ló lè kọ́ mi nìyẹn? Mo mọ̀ pé owó àti àkókò ló mú kí wọ́n máa fún gbogbo èèyàn ní èyí tó kúrú, ó rọrùn láti kà, ó rọrùn láti fi nọ́ńbà wọ̀n, ṣùgbọ́n kí wọ́n má sọ pé ó tó.

OlùtọjúỌkàn

Fọlákẹ́mi, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ohun tí wọ́n ṣe fún yín yẹn ò dáa, mi ò sì ní wá àwáwí fún wọn. Kí àwọn tó ń kà á ṣá mọ̀ pé irú CBT kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹni tó ti rí ojú nǹkan, EMDR náà wà, èyí tí wọ́n ti máa ń ní kéèyàn máa yí ojú sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń rántí nǹkan náà, kì í ṣe ìjókòó 6 pẹ̀lú ìwé àgbéléwọ̀. Àmọ́ ẹ tọ̀nà pé ẹni tí ọgbẹ́ ẹ̀ ti wà láti kékeré sábà máa ń nílò àkókò ju èyí tí wọ́n ń fún un lọ, àti ẹni tí kò ní sá lọ.

Fọlákẹ́mi_k

Mo gbọ́. Mi ò gbà pé àìmọ̀ọ́ṣe nìkan ni, àmọ́ mo gbọ́.

Títí_oorun

Ṣókí ni tèmi. Àìróorunsùn: ẹ bèèrè fún CBT ti oorun, ó yàtọ̀ sí ti ìwé èrò yìí. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà, American College of Physicians, sọ ní 2016 pé òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fún àgbàlagbà tí oorun ń dà láàmú, kó tó kan oògùn. Apá tó le níbẹ̀ ni pé wọ́n á ní kí ẹ dín wákàtí tí ẹ ń lò lórí bẹ́ẹ̀dì kù, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń korò gan-an ni, ojú mi pọ́n bí iná, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹrin mo ń sùn wọra. Ẹ̀yin tí ẹ ń dìde lóru nítorí aláìsàn, ẹ sọ ìyẹn fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí kò ní rọrùn láti tẹ̀ lé e bó ṣe wà.

Àbẹ̀kẹ́2

Ẹ má bínú pé mi ò tètè padà wá, ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo ka ti Fọlákẹ́mi lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ pẹ̀lẹ́ àbúrò mi, tàbí ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́.

Mo sọ fún obìnrin yẹn pé ìwé ẹ̀ ń dùn mí. Mo ti rò pé inú máa bí i. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní "ẹ má bínú, mo ń bá òótọ́ yín jà", ọ̀rọ̀ OlùtọjúỌkàn ló sọ gẹ́lẹ́ láì mọ̀. A mú gbólóhùn yẹn, "kò sẹ́ni tó máa ràn mí lọ́wọ́", a ò wá ẹ̀rí kankan mọ́, ó kàn bi mí pé ta ni mo béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ gbẹ̀yìn, ọjọ́ wo. Mo rò ó. Oṣù kẹrin rèé tí mi ò ti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn tí ò gbé fóònù nígbà yẹn ni mo fi ń díwọ̀n gbogbo ayé. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ti dáwọ́ bíbéèrè dúró.

A kọ orúkọ mẹ́ta sílẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ò gbé e. Ẹnì kejì ní òun máa pè mí padà, mo ṣì ń retí ẹ̀. Ẹnì kẹta, àbúrò ọkọ mi obìnrin tí a ò ti bára wa sọ̀rọ̀ dáadáa látìgbà tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó ní òun ti rò pé mi ò fẹ́ kí òun wá. Ó ń wá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé báyìí, wákàtí méjì. Sátidé àkọ́kọ́ mi ò mọ ohun tí màá fi wákàtí méjì ṣe, mo lọ jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì kan, mi ò ṣe nǹkan kan, oòrùn kàn ń pa mí lẹ́sẹ̀, ó dùn mọ́ mi.

Ọkọ mi ò tíì gbádùn, kò sì sí ìwé tó máa yí ìyẹn padà. Iṣẹ́ ò tíì sí. Mo tún fọ́ọ̀mù yẹn ṣe lánàá, ó jẹ́ 13. Ti ìbéèrè kẹsàn-án, mo ti sọ fún dókítà, OlùtọjúỌkàn ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, ẹ̀yin nìkan ni ẹ béèrè. Ìjókòó kẹsàn-án di ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kejì yẹn, bóyá kí n tún pè é tàbí kí n fi í sílẹ̀.